Ohun Tí Ó Le Tí Kò Yi

Nígbà tí ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìrántí yìí kọ̀wé sí mi pé kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí Olúwa pè sí iṣẹ́ àlùfáà, mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ọ̀rọ̀ ìyànjú ni, bóyá láti inú ìwé Òwe, pẹ̀lú ìkíni fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti gbogbo olùkọ́. Mo kí wọn tọkàntọkàn, mo sì bá gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ti ìwé Òwe. Ọ̀rọ̀ gíláàsì ni, àti ti àwo tánganran, àti ti èédú. Mo sì jẹ ẹnì kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí ní gbèsè kan, inú ìwé yìí nìkan ni mo sì ti lè san án.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara èdè wa. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó le àti ohun tí ó yi. Ẹ fi ọ̀bẹ fá ojú àwo tánganran, kò ní hàn lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín sórí sìmẹ́ńtì, ó di àfọ́kù. Ẹ fi ọ̀bẹ kan náà kan pọ̀nmọ́, yóò gé. Ẹ máa jù ú mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ohun tí ó le kì í fẹ́ kí nǹkan wọ inú rẹ̀. Ohun tí ó yi ni kì í jẹ́ kí ohun tí ó ti wọ inú rẹ̀ rìn jìnnà. Mo ti ń sọ èdè yìí fún ọgọ́ta ọdún ó lé kí n tó mọ̀ pé àwọn ènìyàn wà lágbàáyé tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wá bí ohun tí ó le yóò ṣe yi.

Ọmọ mi obìnrin kejì ni ó là mí lọ́yẹ̀. Òun náà jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó lọ sí òkè òkun láti kọ́ nípa àwọn èròjà tí a fi ń ṣe ohun èlò. Ó wálé fún Kérésìmesì, sí Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì fọ́ ọ̀kan nínú àwo ìyá rẹ̀. Dípò kí ó tọrọ àforíjì, ńṣe ni ó mú àfọ́kù náà wá fún mi, ó ní, “Dádì, ẹ wò ó, ẹ wo bí ojú ibi tí ó fọ́ ṣe mọ́. Kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tí ó dá a dúró.” Ìyá rẹ̀ ní òun náà kò rí ohun tí ó dá ẹnu rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ó ṣàlàyé fún mi pé gíláàsì àti ohun amọ̀ sísun kì í fọ́ nítorí pé wọn kò lágbára. Ní 1921, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, A. A. Griffith, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn ọkọ̀ òfuurufú ní Farnborough, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn yìí. Ó fa gíláàsì di fọ́nrán, ó sì rí i pé bí fọ́nrán náà bá ṣe ń tínrín tó ni ó ń lágbára tó, fún ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé inú gíláàsì tí ó nípọn ni ojú sísán kéékèèké, tí ojú wa kò lè rí, ti rí àyè fara pamọ́ sí. Bí a bá ti fa gíláàsì náà tàbí tí a tẹ̀ ẹ́, agbára tí a lò kò ní pín dọ́gba. Ẹnu ibi tí ó ti sán ni yóò kó ara jọ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ dáńfó láti Ìkọ̀tún wá sí Ẹ̀gbẹ́dá ti rí i. Òkúta ta bá gíláàsì iwájú, ojú ibẹ̀ kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlà kan ti rìn láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ dé iwájú ẹni tí ó jókòó tì í.

Kí ni a ó wá ṣe? Àwọn bàbá wa kò bẹ igbá pé kí ó má sán. Bí ó bá sán, wọ́n ń gán an: wọn a lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn a fi okùn fà á mọ́ra. Igbá náà kò di tuntun, ṣùgbọ́n ojú sísán náà kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, nítorí pé okùn dì í mú. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń wá kò ju èyí lọ, bí kò ṣe pé wọ́n fẹ́ kí okùn ti wà nínú igbá kí ó tó sán.

Ọgbọ́n náà kò sì ṣàjèjì. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn amọ̀kòkò máa ń gún àpáàdì ìkòkò tí ó ti fọ́, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, kí ìkòkò má bàa sán bí ó bá ń gbẹ àti bí iná bá ń jó o. Mo rí ìyá ìyá mi tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé ìṣúnná owó ni. Nínú Ẹ́kísódù orí karùn-ún pẹ̀lú, Fáráò kọ̀ láti fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní koríko gbígbẹ mọ́, ó sì ní iye bíríkì wọn kò gbọdọ̀ dín. Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ nígbà tí n kò lè kà, gẹ́gẹ́ bí ìwà ìkà ọ̀gá sí òṣìṣẹ́. N kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni koríko ń ṣe nínú amọ̀. Ọmọ mi ni ó sọ fún mi pé ọ̀kan nínú tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Winston Soboyejo, tí ó ṣe olùkọ́ ní Princeton ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ti ṣe ààrẹ African University of Science and Technology ní Àbújá, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa tí a po koríko mọ́, láti mọ bí koríko náà ṣe ń dá ojú sísán dúró. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì mọ ohun tí wọ́n ń ké sí.

Nísinsìnyí, ẹ fi ojú inú wo koríko tí ó kéré dé ibi pé, bí a bá la fọ́nrán irun orí kan sí ọ̀nà 50,000, ìbú rẹ̀ yóò súnmọ́ ti ìpín kan ṣoṣo. Ní 1991, Sumio Iijima, ará Japan, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ NEC, ṣàlàyé irú ọ̀pá oníhò bẹ́ẹ̀ fún ayé. Kábọ́ọ̀nù ni, ohun kan náà tí ó wà nínú èédú àti nínú lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù, ṣùgbọ́n ó ká ara rẹ̀ bí ẹní tí a ká, ihò sì wà láàárín rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní carbon nanotube. Èmi yóò máa pè é ní ọ̀pá kábọ́ọ̀nù. Bí a bá fà á ní gígùn, agídí rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ti irin. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ronú pé, bí a bá po irú ọ̀pá yìí mọ́ ohun amọ̀ tí ó le, yóò máa gán an láti inú wá.

Ó rọrùn láti sọ. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù fẹ́ràn ara wọn jù. Bí a bá dà wọ́n sínú èròjà, wọn a dì bí èlùbọ́ tí ẹni tí kò mọ àmàlà rò, kókó ni gbogbo rẹ̀. Kókó kọ̀ọ̀kan á sì di àbùkù tuntun, ojú sísán mìíràn á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di èròjà yíká rẹ̀ mú jù, yóò ṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá dì í mú tó, yóò yọ́ jáde láì ṣe iṣẹ́ kankan. Èédú sì ni, iná ni ọ̀tá rẹ̀: bí a bá sun ohun amọ̀ náà nínú afẹ́fẹ́ bí a ṣe ń sun ìkòkò, ọ̀pá yóò jóná di èéfín. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, tí wọ́n á sì fi iná mànàmáná gbóná rẹ̀ kíákíá. Ewu tún wà nínú fífà á símú. Ní 2014, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka irú kan nínú wọn mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn náà. Ìyá ọmọ mi gbọ́ èyí, kò sì sùn dáadáa títí ọmọ fi padà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ní 2003, Guo-Dong Zhan àti Amiya Mukherjee pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ní yunifásítì Kalifóníà ní Davis, kéde nínú ìwé ìròyìn Nature Materials pé àwọn ti po ọ̀pá kábọ́ọ̀nù, ìdá kan nínú mẹ́wàá, mọ́ alúmínà, ohun funfun tí ẹ ń rí lára púlọ́ọ̀gì mọ́tò. Wọ́n ní yíyi rẹ̀ fò láti 3.3 dé 9.7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Inú àwọn onímọ̀ dùn káàkiri. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n ti ẹnu ṣóńṣó dáyámọ́ńdì bọ ojú rẹ̀, wọ́n sì wo bí ibi tí ó sán ti gùn tó. Bí kò bá sán púpọ̀, a jẹ́ pé ó yi.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 2004, nínú ìwé ìròyìn kan náà, Xiaotong Wang, Nitin Padture àti Hidehiko Tanaka ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìdánwò mìíràn kún un. Wọ́n fi ohun mímú gé ojú kan sí i lára, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ṣẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé yíyi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti alúmínà lásán lọ. Ìdí tí kò fi sán lábẹ́ dáyámọ́ńdì ni pé ó fàyè sílẹ̀ lábẹ́ ẹnu ṣóńṣó náà, ó rì díẹ̀, kò sí ìdí fún un láti sán. Èyí pàápàá wúlò, nítorí pé ohun tí kì í tètè bàjẹ́ níbi tí nǹkan bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a rò pé a ti rí. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú ọ̀ràn yìí o. Ìdánwò ni kò bá ohun tí a ń dán wò mu.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run, wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ń lò fún ẹni tí ó yege, dokimos, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń dán owó àti irin wò ni. Èyí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń sọ lórí pẹpẹ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, sincere, wá láti ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Róòmù ayé àtijọ́, tí wọ́n fi ń sọ pé ìkòkò àwọn “kò ní ìda,” pé àwọn kò fi ìda dí ibi tí ó sán. Ìjọ máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ mi yìí kan náà ni ó wádìí rẹ̀ tí ó sì fi hàn mí pé àwọn onímọ̀ èdè kò gba ìtàn náà gbọ́. Mo ti fi ìda dí ìwàásù lórí àìfi-ìda-dí-nǹkan fún ogún ọdún. Àwọn ìyá wa ní ọjà kò nílò Látìn. Ìka ni wọ́n fi ń kan ìkòkò, wọ́n á tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Èyí tí ó sán kì í dún bí èyí tí ó pé.

Lẹ́yìn tí ọmọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fóònù mi ní òru ọjọ́ kan. Irú èròjà yìí ni òun náà ń ṣe. Ó ti fi dáyámọ́ńdì wọ̀n ọ́n, iye tí ó rí dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbà kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní àpéjọ àwọn onímọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdánwò kejì, iye náà sì wálẹ̀ débi pé kò sí ohun tí ènìyàn lè fi yangàn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní kí ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lo ìdánwò yẹn, kò sí ẹni tí yóò béèrè. Ó ní, “Dádì, kí ni kí n ṣe?”

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí. Mo sọ fún un pé n ó pè é ní òwúrọ̀. N kò sùn.

Ní 1974, mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Oko ni ó yí wa ká nígbà náà. Ojú ọ̀nà Ìgàndò jẹ́ erùpẹ̀ pupa, bí mọ́tò bá kọjá, gbogbo wa á di aláwọ̀ kan. Nínú yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wa, ohun tí a ń fi yangàn ni ìbòrí gíláàsì ńlá kan tí ó rí bí agogo. Olùkọ́ wa á gbé agogo kékeré kan sábẹ́ rẹ̀, wọn á máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ohùn agogo náà á sì máa rọlẹ̀ títí a kò fi ní gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú wa ń rí i pé ó ń lù. N kò tíì rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ kan, ó kàn mí láti gbá yàrá náà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo gbé irin kan kúrò lórí tábìlì, ìdí irin náà sì kan gíláàsì náà. Kò fọ́. Ó dún, mo wò ó, mo rí ìlà kan lẹ́bàá etí rẹ̀ nísàlẹ̀, tínrín bí irun, kò gùn tó èékánná. Mo yí ojú ibẹ̀ sí ògiri. Mo gbálẹ̀ tán, mo lọ jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, tí ó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọmọ kíláàsì wa tí ó jẹ́ olórí yàrá náà ni ó gbé e sórí tábìlì fún olùkọ́, òun ni ó sì ń fa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà. Gíláàsì náà wó sínú ara rẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí mo ṣì ń gbọ́. Ó gé e ní apá. Wọ́n ní ó fà á jù, wọ́n ní kò ṣọ́ra, wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí bàbá rẹ̀ san owó rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó lo tẹ́ẹ̀mù kan nílé kí owó náà tó pé. Nígbà tí ó padà dé, ó fi ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sílẹ̀, kò sì wọ yàrá náà mọ́ títí a fi jáde. Dókítà ni ó ń sọ fún wa pé òun fẹ́ ṣe. A sọ ọ́ ní Afọ́gò. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Mo pè é bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ pẹ̀lú, nígbà tí mo ti ń wọ kọ́là àlùfáà.

Ní òwúrọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, n kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Mo ní kí ó kọ iye méjèèjì sílẹ̀, kí ó sì sọ ọ̀nà tí ó gbà rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ààyè ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àpéjọ náà, wọ́n ní kí ó wá lẹ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ara pátákó pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ó dùn ún, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó pa fóònù lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó bi mí ní ìbéèrè kan: “Dádì, ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láyé?”

Ó wà láyé. Ìgàndò ni ó wà. Ó gbà mí ní oṣù méjì kí n tó lọ. Ó fi àga fún mi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbọ́ mi láì dá mi lẹ́nu, àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá níwájú wa. Nígbà tí mo parí, ó wo apá rẹ̀, ó sọ apá aṣọ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ṣé torí mi ni o ṣe wá, àbí torí ara rẹ?” N kò lè dá a lóhùn. Ó ní bàbá òun kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun jẹ́ ọmọ tí kì í fara balẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, ọ̀gbà mi ni. Ó ní kí n dìde, àwọn ènìyàn ń wò. Lẹ́yìn náà ni ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Orúkọ yẹn. Wá gbà á lọ́wọ́ mi níbi tí gbogbo wọn á ti kà á.”

Nítorí náà, ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní kíláàsì náà, èmi ni Afọ́gò. Bí ẹ bá rí i ní ibi ayẹyẹ yìí, ẹ fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é.

Mo mú àkọsílẹ̀ yìí lọ kà fún un ní Ìgàndò kí n tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó gbọ́ ọ dé òpin, títí kan ọ̀rọ̀ àmàlà oníkókó, ó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó ní kí n tún ṣe. Mo ti kọ ọ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gíláàsì náà fọ́. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni, nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e ni bàbá òun fi ẹsẹ̀ rìn wá láti oko, tí ó wá mú òun lọ sílé. Mo ti tún un ṣe.